Ẹ̀sùn tí mẹkáníìkì mú wá sí ẹgbẹ́ wa ní Kubwa

Lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí lè má tó nǹkan. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní kí a dá owó òun padà, ₦5,000, nítorí fíìmù The Hobbit tí gbogbo wa jọ wò. Iná kò lọ, àwòrán kò já, oúnjẹ sì kárí. Ẹran Iléyá pàápàá ṣẹ́ kù. Ohun tó bí i nínú ni ohun tí olùdarí fíìmù náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú àfikún, ìyẹn fídíò tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn fíìmù láti ṣàfihàn bí wọ́n ṣe ṣe é. Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá yí i sọ tó bá yá. Mo kọ ọ́, àmọ́ mi ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé mi ò ní fi èrò tèmi sí i.

Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ yìí kò pọ̀, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kubwa ni gbogbo wa. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni a máa ń pàdé ní pálọ̀ Bàbá Olùkọ́ ní Phase 4. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ wọn ti lọ, ògiri pálọ̀ wọn funfun, ó sì fẹ̀. A ra purojẹ́kítọ̀ àlòkù kan ní Wuse, ó wá ku owó epo jẹnẹrétọ̀. Fíìmù Yorùbá nìkan ni a ń wò nígbà yẹn, torí ohun tó ń kó wa jọ gan-an, bí mo ṣe rí i, ni kí a lè sọ Yorùbá fún wákàtí mélòó kan láì sí ẹni tó máa fi Haúsá tàbí Òyìnbó dá wa lóhùn. Ìgbà tí ọmọ Bàbá Olùkọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kó àpótí DVD méjì wá sílé ni nǹkan yí padà.

Àpótí àkọ́kọ́ ló bí ẹjọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò rojọ́ nípa rẹ̀. The Lord of the Rings ló wà níbẹ̀, fíìmù mẹ́ta tí Peter Jackson darí ní New Zealand, tí wọ́n jáde ní 2001, 2002 àti 2003. Èyí tó kẹ́yìn gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar mọ́kànlá. Ẹ̀dà gígùn ni ti Bàbá Olùkọ́: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ju wákàtí mọ́kànlá lọ, díìsì méjì sì tún wà lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan tí kò sí nǹkan mìíràn nínú wọn ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Oorun ni àwọn díìsì yẹn máa ń mú bá àwa yòókù. Mẹkáníìkì wa kì í sùn.

Apo ló ti ń ṣiṣẹ́, ní abúlé àwọn mẹkáníìkì, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ló yàn láàyò. Inú àfikún yẹn ló ti rí àwọn tó gé páìpù oníke sí òrùka wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ so wọ́n mọ́ra wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi di ẹ̀wù irin àwọn jagunjagun. Òrùka náà ju mílíọ̀nù méjìlá lọ, ìlà ìka ọwọ́ àwọn méjì tó dúró ti iṣẹ́ náà sì pa rẹ́. Ó rí àwọn tó ń rọ idà. Ó rí àwọn tó gun òkè kan láàárín pápá, tí wọ́n kọ́ ìlú sórí rẹ̀, tí wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti kúrò. Ó rí i pé ó ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù ní oṣù kẹwàá ọdún 1999. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ràn fíìmù náà nítorí ìtàn rẹ̀. Èmi mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ni mẹkáníìkì wa fẹ́ràn. Ó máa ń ya àwọn ibì kan nínú àfikún yẹn sórí fóònù, á gbé e fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo àwọn tó mọṣẹ́.

Àpótí kejì ni The Hobbit. Ìwé kékeré kan tí J.R.R. Tolkien gbé jáde ní 1937 ni wọ́n fi ṣe é, olùdarí kan náà sì tún fi ṣe fíìmù mẹ́ta, tí wọ́n jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, 2013 àti 2014. Kọ́pà tó wà láàárín wa kọ̀ jálẹ̀ pé a kò lè pè é ní apá kejì, torí ìtàn inú rẹ̀ ṣáájú ti àkọ́kọ́, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe é. Ìyá Ìbejì ní òun kò rí ohun tó ṣòro níbẹ̀, pé nílé tòun ẹni tó dé kẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n. A rẹ́rìn-ín, a sì ń pè é ní apá kejì lọ.

Ìsinmi Iléyá ni a fi wò ó. Àbújá máa ń dá nígbà náà, gbogbo ènìyàn á ti lọ sílé, àwa tí a kò rí owó ọkọ̀ san tàbí tí ẹ̀rù ọ̀nà ń bà la máa ń kù. Akápò kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ₦5,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san fún ọjọ́ mẹ́ta: epo, oúnjẹ, fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, “àti àṣírí bí wọ́n ṣe ṣe é ní ọjọ́ kẹta.” Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sanwó.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Fíìmù kìíní, a gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Ìkejì, dírágónì inú rẹ̀ dára, ohùn rẹ̀ mi ògiri. Nígbà tí a máa fi dé ìkẹta, àwọn kan ti bọ́ síta lọ fẹ́ atẹ́gùn. Mẹkáníìkì jókòó títí dé òpin, àmọ́ mo ń gbọ́ tó ń kùn. Ìwé kan ṣoṣo ló di fíìmù mẹ́ta. Legolas, tafàtafà inú fíìmù ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ìwé yìí, ń fò lórí òkúta tó ń já bọ́ lọ́wọ́. Wọ́n dá obìnrin kan tí Tolkien kò kọ sílẹ̀, wọ́n sì fi ìfẹ́ há a lọ́rùn. Èyí tó dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá búburú inú rẹ̀: nínú fíìmù ti àkọ́kọ́, ènìyàn tí wọ́n fi rọ́bà àti ọ̀dà kun lójú ni ọ̀pọ̀ wọn, a sì ń rí i pé wọ́n wúwo, nínú èyí, kọ̀ǹpútà ló ya olórí wọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ á dé ọjọ́ kẹta ná. Wọ́n á ṣàlàyé.”

Wọ́n ṣàlàyé lóòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn wákàtí tó pọ̀ tí àwọn òṣèré fi ń yin ara wọn, a dé ibi tí Peter Jackson ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, tó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà tí olùdarí tó ṣáájú òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí òun gbà á, ẹnikẹ́ni kò fún òun ní ọdún kan ààbọ̀ tó yẹ kí òun fi múra. Ó ní òun kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà ni, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì ní ètò kankan. Ìran tó díjú, tí kò sí àwòrán tí wọ́n yà sílẹ̀ fún un, òun á dé ibẹ̀ láàárọ̀, òun á máa ronú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó kan ogun ńlá inú apá kẹta, ó di dandan kó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì sún un sí 2013 kó lè jókòó ronú ohun tí òun fẹ́ ṣe.

Mẹkáníìkì dìde. Ó ní kí wọ́n dá a dúró. Ó bi wá, kì í ṣe Peter Jackson ló ń bi, àwa ló ń bi: “Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n mọ̀!” Lẹ́yìn náà ló kọjú sí akápò, ó ní kí ó dá owó òun padà. Akápò rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Kí ìjókòó tó wáyé, Bàbá Olùkọ́ ní kí n lọ tú ìtàn náà wò, kí a mọ ohun tó fà á kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo tú u. Guillermo del Toro, ọmọ Mexico, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Ó lé ní ọdún kan tó fi wà níbẹ̀, tó ń ya bí dírágónì ṣe máa rí, tó ń kọ ìtàn, àmọ́ ilé-iṣẹ́ MGM tó ní ìpín nínú fíìmù náà ti wọ gbèsè débi pé ẹnikẹ́ni kò lè pàṣẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, del Toro fi í sílẹ̀. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, MGM lọ sílé ẹjọ́ láti fi hàn pé gbèsè ti mu àwọn dé ọrùn. Jackson ló wá gba iṣẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ọgbẹ́ inú lu inú rẹ̀ jáde, wọ́n gbé e lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21 oṣù kẹta, ó ti wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Fíìmù méjì ni wọ́n kéde níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2012, oṣù márùn-ún kí àkọ́kọ́ tó jáde, wọ́n ní ó ti di mẹ́ta.

Tí ènìyàn bá to gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí síwájú ara rẹ̀, á rí ohun kan: gbogbo nǹkan ló ń yẹ̀, olùdarí yẹ̀, owó yẹ̀, ara ọkùnrin náà yẹ̀, iye fíìmù pàápàá yẹ̀. Láti ìgbà tí Jackson ti gba iṣẹ́, ọjọ́ tí fíìmù kìíní máa wọ sinimá nìkan ni kò yẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni wọ́n sọ, oṣù Kejìlá ọdún 2012 náà ló jáde, ó sì pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Mi ò mọ bí ẹni tó ń ka irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe máa gbà pé òun ṣe àṣìṣe.

Mo tún rí ọ̀rọ̀ Ian McKellen, bàbá tó ṣe Gandalf, àgbà oṣó inú fíìmù méjèèjì. Nínú fíìmù ti àkọ́kọ́, láti mú kí ẹnì kan dà bíi pé ó kúrú, wọ́n máa ń mú kí èkejì jókòó súnmọ́ kámẹ́rà, kí àwọn méjèèjì lè jọ ṣeré pọ̀ nínú yàrá kan náà. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ya The Hobbit kò gba irú ọgbọ́n yẹn mọ́, nítorí náà wọ́n fi òun nìkan sáàárín aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé fọ́tò àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sórí igi síwájú rẹ̀, pé kó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ó sunkún. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ fún mẹkáníìkì lórí fóònù, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Bàbá àgbà yẹn?”

Ìjókòó wáyé ní pálọ̀ kan náà, láì sí fíìmù. Kọ́pà ló kọ́kọ́ gbẹnu sọ fún olùdarí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ó ní, olùdarí mélòó ló máa jókòó síwájú kámẹ́rà kó sọ pé òun kò mọ ibi tí òun ń lọ? Ó mú àpẹẹrẹ The Matrix wá, tí apá kejì àti ìkẹta rẹ̀ jáde ní 2003, tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ sì fajú ro. Nínú àpótí díìsì mẹ́wàá tí wọ́n kó jọ ní 2004, àwọn tó ṣe é fi ohùn àwọn alárìíwísí tí kò fẹ́ràn apá kejì àti ìkẹta sórí fíìmù náà gan-an, kí ènìyàn lè máa wò ó kó sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bù ú. Èyí, kọ́pà ní, ni a ń pè ní òótọ́. Ó tún fi kún un pé akápò ṣèlérí àṣírí, àṣírí sì ni ẹ̀gbọ́n rí gbà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́n, àmọ́ kò bójú mu, mo sì rí i pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ gbàrà tó sọ ọ́ tán.

Ìyá Ìbejì ló tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó di oníṣòwò aṣọ, wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá ènìyàn ní fídíò níbí, láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì títí dé ìgbà VCD, nítorí náà wọ́n mọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a má sọ ọ́ bíi pé Òyìnbó ló kọ́kọ́ ta apá kejì tí kò pọn. Ta ni kò rántí “Ẹ máa retí apá kejì”, tí yóò yọ sójú tẹlifíṣọ̀n ní ibi tí ọkọ ti fẹ́ ká ìyàwó mọ́? Wọ́n ní àwọn oníbàárà máa ń fi ìbínú gbá tábìlì àwọn, bíi pé àwọn ni àwọn gé e. Díìsì VCD kan kò lè gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, nítorí náà fíìmù wákàtí méjì gbọ́dọ̀ di díìsì méjì. Àwọn olùtajà wá rí i pé díìsì méjì tí wọ́n bá tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń mówó wọlé ju èyí tí wọ́n dì pọ̀. Láti ibẹ̀ ni ìtàn tí kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ ti ń di apá kẹrin. “Ẹnikẹ́ni kò sì fi àfikún sẹ́yìn ti wa,” wọ́n ní. “Ìpolówó fíìmù mìíràn ni wọ́n ń fi síwájú rẹ̀. A ò mọ ẹni tí a máa bínú sí.”

Bàbá Olùkọ́ ní kí a má gbàgbé èyí tó dáa. Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe jáde ní 1999. Agogo Èèwọ̀ tó tẹ̀ lé e kò jáde títí di 2002, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló sì kọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìlú Jogbo ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n máa sọ, wọ́n sì mú ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e jáde. Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan mẹkáníìkì. Mo rò pé á tún pariwo, kò pariwo. Ó ní ohun tó dun òun kò ju pé àwọn tó so òrùka páìpù nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló tún wà níbi iṣẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì, òun mọ ojú wọn. Wọ́n ti darúgbó díẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́ nǹkan, wọ́n ń kùn ún, ẹnì kan á wá ní ti àná kọ́ ni a fẹ́ mọ́. Ó ní olórí àwọn ẹ̀dá búburú yẹn, ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, wọ́n ṣe ìbòjú rẹ̀ pátá, kí wọ́n tó jù ú nù kí kọ̀ǹpútà tún un yà. “Ẹni tó jẹ́wọ́ yẹn, ó tọ́rọ́ gáfárà lọ́wọ́ ta ni?” ó béèrè. “Mi ò gbọ́ orúkọ ẹnì kankan.”

Kọ́pà kò dáhùn. Èmi náà kò ní èsì. Èrò tèmi ni pé ìjẹ́wọ́ náà ṣeyebíye, torí láìsí i, a ò bá máa dá àwọn òṣèré àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́bi títí di òní. Àmọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni fíìmù kẹta wọ sinimá, oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni ẹ̀dà gígùn tí ìjẹ́wọ́ wà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi owó lé e lórí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wọlé tán kí ẹnikẹ́ni tó ní òun kò múra. Mẹkáníìkì kò gba èyí sí òótọ́. Ó gbà á sí ọjà kẹrin. Bí mo ṣe ń ronú rẹ̀ tó ni mo ń rí i pé kì bá tí bínú tó bẹ́ẹ̀ ká ní kò rí àfikún ti àkọ́kọ́ rí. Fíìmù tó burú, ènìyàn á wò ó, á gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí ó ti fi ṣe àwòkọ́ṣe fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wá rí tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àfipáṣe, kò sì sí bó ṣe máa gbàgbé ìyẹn.

Ìdájọ́ Bàbá Olùkọ́ kò gùn. Wọ́n ní owó epo àti oúnjẹ kò ṣeé dá padà, torí mẹkáníìkì jẹ ẹran, ó sì gbé díẹ̀ lọ sílé fún ìyàwó. Wọ́n ní ti ọjọ́ kẹta, tí akápò ka sí ₦1,500, kí wọ́n dá a padà fún un láì bá a jiyàn. Láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ fíìmù àti ọjọ́ àfikún máa ní owó tiwọn lọ́tọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fi àfikún hàn gbọ́dọ̀ ti wò ó nílé rẹ̀ kó tó pe ènìyàn.

Akápò ka ₦1,500 jáde níbẹ̀. Mẹkáníìkì kò gbà á. Ó ní gbogbo ₦5,000 ni òun wí, tí kì í bá ṣe gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bàbá Olùkọ́ bi í pé ta ló fẹ́ kó san èyí tó kù, àwa tàbí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ó ní kò kan òun. Akápò tún owó náà kó sínú àpò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣì wà nílẹ̀, ó sì ní kí n buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo buwọ́ lù ú. Mẹkáníìkì ti san owó oṣù tó ń bọ̀.